Aṣọ Tí Kò Dúdú Mọ́

                                        Ilé Kejìlá,
                                        Òpópónà Ẹ̀yìn Ibùdókọ̀.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹta.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì kú àìrójú. Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Ọkọ yín ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n ti fi wọ́n sílẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́? Èyí àbígbẹ̀yìn yẹn, ṣé ó ti ń jẹ́ kí olùkọ́ rẹ̀ sinmi? Èmi àti ìyàwó mi wà, a dúpẹ́. Ara Bàbá le, oúnjẹ sì ń wọlé. Ọkàn wọn ni ọ̀rọ̀ wà, mo sì fẹ́ jẹ́wọ́ fún yín ohun tí mo ṣe, kí ẹ tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì.

Ẹ mọ̀ pé ó ti tó ọdún méjì tí ìgbàgbé ti ń bá Bàbá jà. Dókítà ní kò sí oògùn tó lè dá a dúró. Wọ́n gbàgbé orúkọ àwọn aládùúgbò, wọ́n gbàgbé ọ̀nà yàrá ìwẹ̀, nígbà tó yá wọ́n ń pe ìyàwó mi ní nọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ Sátidé, ẹnikẹ́ni kì í rán wọn létí. Wọ́n á gbé garawa, wọ́n á jókòó sórí àpótí kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògbólógbòó mọ́tò funfun wọn, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ríìmù.

Ẹ̀yin náà rántí àwọn ríìmù ọ̀hún, alumíníọ́mù lásán tí wọn ò kun ohunkóhun lé lórí láti ilé iṣẹ́. Ẹ rántí òfin Bàbá. Ríìmù gbọ́dọ̀ tutù kí omi tó kàn án. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni, pẹ̀lú omi ọṣẹ fẹ́ẹ́rẹ́, àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ fún kọ̀rọ̀ tí eruku bíréèkì há sí. Wáyà ìfọkòkò ò gbọdọ̀ débẹ̀, oògùn líle tó ń hó ò gbọdọ̀ débẹ̀. Bó bá ti gbẹ, pólíìṣì ló kàn. Wọ́n á máa fi aṣọ yí i lórí ríìmù títí aṣọ á fi dúdú bí ìdí ìkòkò. Àlejò á rò pé ìdọ̀tí ni. Bàbá á ní rárá, ara alumíníọ́mù fúnra rẹ̀ ni: "Bí aṣọ bá ti ń dúdú, iṣẹ́ ń lọ nìyẹn."

Èmi ni mò ń kó àgékù aṣọ wá fún wọn láti ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi. Bí a bá sì ti jókòó ti ríìmù báyìí, wọ́n á pè mí lórúkọ. Ibẹ̀ nìkan ló kù tí wọ́n ti ń dá mi mọ̀.

Ìjókòó orí àpótí yìí ló mú kí orúnkún wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ìyàwó mi ní ká wá nǹkan ṣe sí i. Èmi tí ẹ sọ ní Kánjúkánjú, mi ò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Lọ́jọ́ tí ìyàwó mi mú wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà, mo gbé mọ́tò lọ bá ọkùnrin kan tó ń fọ́n ọ̀dà sára mọ́tò. Ó fọ́n fáníìṣì tó mọ́ gaara lé ríìmù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ní omi lásán la ó máa fi ṣàn wọ́n títí ayé. Wọ́n ń dán gbinrin. Mo yọ̀ bí òpònú.

Ní Sátidé, Bàbá fọ ríìmù kìn-ín-ní, wọ́n nù ún, wọ́n fi pólíìṣì sí i. Wọ́n yí aṣọ títí, wọ́n gbé e sókè, wọ́n wò ó. Funfun ni, fáníìṣì ò jẹ́ kí aṣọ kan alumíníọ́mù mọ́. Wọ́n ṣẹ́ ẹ po sí ẹ̀gbẹ́ kejì, wọ́n tún gbìyànjú. Wọ́n bọ́ sí ríìmù kejì, wọ́n bọ́ sí ìkẹta. Wọ́n ní, "Iṣẹ́ ò lọ." Mo ṣàlàyé, mo tún ṣàlàyé, kò wọlé. Wọ́n wo mọ́tò náà látòkè délẹ̀, wọ́n bi mí pé ta ló ni ín. Sátidé tó tẹ̀ lé e, wọn ò jáde.

Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ẹ̀yin lẹ máa ń sọ ọ́ fún mi láti kékeré. Mo sunkún, ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń bó fáníìṣì náà kúrò. Mo fi oògùn tó ń bó ọ̀dà kùn ún, mo tètè ṣàn án, mo fi sáńdípépà tó kúnná jù lọ ha á nínú omi, èékánná mi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Lánàá ni mo parí ìkẹrin. Nígbà tí aṣọ dúdú lọ́wọ́ mi, èmi nìkan ló ń rẹ́rìn-ín nínú ọgbà.

Láàárọ̀ yìí mo mú Bàbá jáde, mo fi wọ́n jókòó sórí àpótí, mo fi aṣọ lé wọn lọ́wọ́. Ọwọ́ wọn ò rìn. Mo di ọrùn ọwọ́ wọn mú, a jọ yí i. Aṣọ náà dúdú. Wọ́n wò ó, wọ́n wá wò mí. Mo ń retí orúkọ mi. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì dá aṣọ náà padà fún mi, wọ́n ní, "Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ẹni tó ni mọ́tò yìí á dúpẹ́ lọ́wọ́ yín."

Ẹ bá mi kí ọkọ yín, ẹ bá mi gbá àwọn ọmọ mọ́ra. Ìyàwó mi ní kí n kí yín púpọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè wá wo Bàbá, ẹ má dúró de ìgbà tí àwọn ọmọ máa gba ìsinmi. Lánàá, Bàbá ṣì pe orúkọ yín lẹ́ẹ̀mejì.

                                        Èmi àbúrò yín ni,
                                        Kánjúkánjú.