Ọkọ Mi Wà Láàyè, Àmọ́ Opó Ni Wọ́n Mọ̀ Mí Sí ní Ẹ̀pẹ́

Ọkọ mi ò kú. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn, torí ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ó wà láàyè, ara ẹ̀ le, ó wà ní pálọ̀ báyìí bí mo ṣe ń tẹ èyí nínú kíṣìnì. Admin, ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa kà á, ẹ má tíì bú mi, ẹ kà á tán ná...

Inú ẹ́sítéètì kan ní Ìkòròdú là ń gbé, lọ́nà Ìtamágà. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní Island. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti ń jáde, tó bá fi máa wọlé, oúnjẹ ti tutù, èmi náà ti sùn tàbí kí n máa ṣe bí ẹni tó sùn. Sátidé, ó ń sùn. Sunday, tá a bá ti dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti gbé laptop. Kì í lù mí o, kò ní obìnrin níta tí mo mọ̀, kì í febi pa wá... ìyẹn gan-an ni kò jẹ́ kí n rí nǹkan sọ fẹ́nì kankan, torí kí ni mo fẹ́ wí? Pé ọkọ mi kì í bá mi sọ̀rọ̀? Nígbà táwọn ọmọ wà nílé, ariwo wọn ló ń bò ó. Àbíkẹ́yìn wọ yunifásítì lọ, ilé wá dákẹ́ débi pé mo máa ń mọ̀ tí fíríìjì bá dákẹ́. Ṣé ẹ mọ irú ẹ̀?

Anniversary wa lọ́dún tó kọjá, mo ní ká jáde, ká lọ sùn níbì kan. Mo rí guest house kékeré kan lórí fóònù, lápá Ẹ̀pẹ́, létí ọ̀sà, ìyá àgbà kan ló ni ín, wọ́n máa ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé àlejò káàkiri kí wọ́n lè wo àwọn ìlú etí omi. Ó gbà. Àárọ̀ ọjọ́ tá a fẹ́ lọ, office pè é. Ó ní kí n máa lọ, òun á bá mi níbẹ̀. Mo lọ. Kò wá, kò tiẹ̀ pè...

Màmá tó ni ibẹ̀ gbé oúnjẹ ẹni méjì síwájú mi, wọ́n ní olórí ilé ńkọ́. Mo ní, "Kò sí mọ́, Ma." Èmi tí mo sọ ọ́, mi ò mọ ohun tí mo ní lọ́kàn. Bóyá mo fẹ́ sọ pé kò ní lè wá mọ́ ni... àmọ́ ẹ̀yin náà mọ ohun tí Yorùbá ń pè ní kò sí mọ́. Màmá rọra gbé abọ́ kejì kúrò, wọ́n jókòó tì mí, wọ́n dì mọ́ mi. Opó làwọn náà. Wọ́n ní kí n sunkún, pé kò sẹ́ni tó máa wò mí níbẹ̀. Mo sunkún bí ẹni tọ́kọ ẹ̀ kú lóòótọ́. Ìgbà wo lẹnì kan ti fọwọ́ kàn mí gbẹ̀yìn kó tó dọjọ́ yẹn? Báwo ni mo ṣe fẹ́ wá sọ pé rárá o, Ma, ó wà ní office?

Bó ṣe di pé mò ń lọ síbẹ̀ lóṣooṣù nìyẹn. Ọkọ mi ò bi mí ibi tí mò ń lọ. Màmá á mú mi wọ ọkọ̀, a ó lọ sí Èjìnrìn lọ́jọ́ ọjà, wọ́n á fi ibi táwọn ọlọ́jà ti máa ń gúnlẹ̀ láyé àtijọ́ hàn mí, a ó ra ẹja yíyan, a ó jẹ ẹ́ lórí ìdúró. Nígbà míì a ó yà sọ́dọ̀ àwọn Ìlàjẹ apẹja, a ó jókòó síwájú ṣọ́ọ̀ṣì wọn, a ó máa wo bí wọ́n ṣe ń tún àwọ̀n ṣe. Àwọn àlejò tó kù, tọkọtaya ni wọ́n, wọ́n á máa ya ara wọn ní fọ́tò. Èmi àti Màmá la máa ń jókòó pọ̀. Wọ́n á ní kí n sọ̀rọ̀ olóògbé, pé ọkàn á fúyẹ́. Mo sì ń sọ... bó ṣe máa ń ra bọ̀ọ̀lì bọ̀ fún mi nígbà oyún àkọ́bí, tó máa ń wé e sínú aṣọ ara ẹ̀ kó má baà tutù. Bó ṣe máa ń kọrin tó bá ń fá irùngbọ̀n. Òótọ́ ni gbogbo ẹ̀. Ọkùnrin yẹn wà rí. Wọ́n bi mí pé kí ló pa á, mo ní iṣẹ́ ni. Ṣé irọ́ ni mo pa?

Láìpẹ́ yìí, ọkọ mi rí fọ́tò kan lórí fóònù mi, èmi nínú ọkọ̀, mò ń rẹ́rìn-ín. Ó wò ó títí, ó ní òun á tẹ̀ lé mi lọ ní Sátidé. Ẹ̀rù bà mí, àmọ́ kí n má parọ́ fún yín, inú tún bí mi. Ibì kan ṣoṣo tí mo ní nìyẹn... Mo pe Màmá láti jẹ́wọ́, kí wọ́n tó gbé e, mo ti pa á.

A débẹ̀, Màmá jáde wá pàdé wa. Mo ti pinnu. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Màmá, ọkọ mi nìyí." Ẹ wá wò ó... lẹ́nu àwọn àgbà wa, àbúrò ọkọ, ọkọ náà ni. Wọ́n di ọwọ́ ẹ̀ mú, wọ́n ní, "Àbúrò olóògbé rèé. Ẹ kú aráfẹ́rakù ẹ̀gbọ́n yín. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ ò pa ìyàwó yín tì."

Ọkọ mi wò mí. Ó ní, "A dúpẹ́, Màmá."

Ní gbogbo ọjọ́ yẹn, àbúrò ọkọ ló ṣe. Màmá jókòó sáàárín wa nínú ọkọ̀, wọ́n ń ròyìn olóògbé fún un, ọ̀rọ̀ bọ̀ọ̀lì, ọ̀rọ̀ orin, pé iṣẹ́ ló pa á, kí òun náà rọra. Ó ń mi orí, ó ń wo omi. Ibi tá a gúnlẹ̀ sí ní Èjìnrìn kún fún ẹrẹ̀, ló bá gbé bàtà mi dání, ó nawọ́ sí mi. Ó bi mí bóyá òùngbẹ ń gbẹ mí. Ó bi mí pé kí ló dé tí mo fẹ́ràn ibẹ̀, ó sì dúró gbọ́ ìdáhùn...

A padà sílé lálẹ́ ọjọ́ náà. Ọjọ́ kejì, mò ń bẹ iṣu lọ́wọ́, ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì. Kò pariwo, ó kàn ní, "Ìgbà wo ni mo kú?"

Mo ti ronú títí, mi ò rí ọjọ́ náà. A ò jà. Díẹ̀díẹ̀ ni...

Lánàá, Màmá pè mí. Wọ́n ní ṣé àbúrò ọkọ mi yẹn níyàwó nílé? Pé àwọn rí ojú tó fi ń wò mí. Pé láyé àtijọ́ wọ́n ń ṣú opó, kì í ṣe èèwọ̀, tó bá dẹnu kọ mí kí n má kọ̀, torí àdágbé ò dáa. Mo ní mo ti gbọ́, Ma. Ọkọ mi sì ní òun tún ń bá mi lọ ní Sátidé tó ń bọ̀, kí n má tíì sọ nǹkan kan fún Màmá. Mi ò mọ̀ bóyá ó fẹ́ fi jẹ mí níyà ni, àbí òun náà rí ìsinmi níbẹ̀. Torí látìgbà tá a ti dé, laptop náà ni. Ọ̀rọ̀ tó bá mi sọ nílé yìí kò ju ìbéèrè kan yẹn àti ọ̀rọ̀ Sátidé yìí lọ.

Ẹ̀yin ará, kí ni kí n ṣe? Màmá ti fi omijé tòótọ́ gbàdúrà fún mi. Ṣé kí n jẹ́wọ́ fún wọn kí Sátidé tó dé, kí n sì pàdánù ìyá tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ní? Àbí kí n dákẹ́, kí n tẹ̀ lé e lọ? Ẹni tó gbé bàtà mi nínú ẹrẹ̀ yẹn, mo fẹ́ kó máa bá mi gbé, kì í ṣe ẹni tó ń tẹ laptop ní pálọ̀. Tí mo bá wá sọ òtítọ́, èwo nínú àwọn méjèèjì ló máa bá mi padà sílé?