Oògùn Gbòǹgbò tí Dominic Gbé Wá

Ojúlé Kẹrin,
Òpópónà Àládùúrà,
Ìlútítun,
Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kẹfà, 2024.

Jùwọ́nlọ́lá, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lẹ wà lọ́hùn-ún? Ọkọ rẹ ńkọ́? Ìyá ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti rọlẹ̀? Ara tèmi le, ọkàn mi ni kò balẹ̀.

Ẹ̀fọ́ ṣọkọ mi ló ń rọ, bẹ́ẹ̀ mò ń bomi rin ín. Mo fa ìdí kan tu, gbòǹgbò rẹ̀ ti wú kókó-kókó. Kòkòrò inú ilẹ̀ ni. O mọ̀ pé mi ò fẹ́ kẹ́míkà lórí ohun tá à ń jẹ. Ni Dominic, ọkọ Janet àbúrò mi, bá gbé kẹ́ẹ̀gì oògùn kan wá. Ó ní òun fúnra òun lòun sè é, pé ewé dóńgóyárò lásán ni. Àwọn ará ìjọ wa ti ń rà á.

Mo fẹ́ gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n kó tó ṣí kẹ́ẹ̀gì náà, ó wọ ìbọ̀wọ́, ó tún fi aṣọ di imú. Mo ní, "Dominic, ṣé torí ewé lo ṣe ń wọ ìbọ̀wọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Àǹtí mi, òórùn ẹ̀ ló pọ̀ jù."

Èmi tí wọ́n ń fi omi dóńgóyárò wẹ̀ fún láti kékeré!

Mo ní kó dà á sórí ebè kan ṣoṣo ná. Kò pẹ́ tí ekòló fi ń jáde sórí ilẹ̀, wọ́n ń yí, wọ́n ń kú. Mi ò jẹ́ kó fọwọ́ kan ìyókù. Mo ṣa èso dóńgóyárò fúnra mi, mo gún un, mo pò ó mọ́ ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà dáadáa, mo wà á mọ́ ìdí ẹ̀fọ́. Àwọn tó ti bàjẹ́ jù kú, mi ò ní parọ́ fún ọ, ṣùgbọ́n àwọn tó kù ti ń rúwé.

Janet bínú. Ó ní mò ń ba ọjà ọkọ òun jẹ́, kò sì kí mi ní ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Mo wá ń bi ara mi pé àbí mò ń fura sí ọmọlọ́mọ lásán ni.

Àfi lánàá tí Janet gbé oyún rẹ̀ wọlé, kò wò mí lójú. "Àǹtí, ẹ bá mi gé ẹ̀fọ́ díẹ̀." Mo mú ọ̀bẹ, mo ń lọ. Ó pè mí padà, ó rẹ ohùn sílẹ̀: "Ẹ má gé e lórí ebè tí Dominic da nǹkan sí o."

Mo gé e fún un. Ṣùgbọ́n ní ìpàdé àwọn obìnrin ìjọ lọ́la, màá dìde sọ̀rọ̀. Gbàdúrà fún mi.

Bá mi kí Ìyá àti gbogbo ilé. Púpurú ẹ̀gẹ́ tí o ní kí n rà ti wà nílẹ̀, ẹni tí yóò bá mi gbé e wá ni mò ń wá.

Èmi tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí ọ,
Charity.