Ohùn Màámi Nínú Eré

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó wa àtàwọn ọmọ. A ti tún òrùlé ṣe. Bàámi náà ti ń fi ọ̀pá rìn díẹ̀díẹ̀.

Eré tẹlifíṣọ̀n tí mo ń ránṣọ fún, tó ń sọ ìtàn ọ̀tọ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ nípa ẹ̀rọ ọjọ́ iwájú, ló fa ìṣubú wọn. Olùdarí eré jí ohùn Màámi wa tó ti dolóògbé, èyí tí mo tọ́jú sórí fóònù mi, ó fi ẹ̀rọ sọ ọ́ di ohùn òkú tó ń sọ̀rọ̀ nínú eré náà. Bí Bàámi ṣe gbọ́ ọ lórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n fò dìde: "Ìyá àwọn ọmọ mi, mò ń bọ̀!" Ni wọ́n bá ṣubú.

Mo bi olùdarí ìdí tó fi ṣe bẹ́ẹ̀, ó fi mí rẹ́rìn-ín: "Ṣé òkú ń gba owó ohùn ni?"

Mi ò jà. Ẹ̀rọ kan náà ni mo fi ṣe àdàkọ ohùn tirẹ̀, mo fi pe gbogbo òṣèré lórí fóònù pé ó ti lé wọn. Kò sẹ́ni tó wá. Ẹni tó ń náwó sí eré náà dé, ó bá olùdarí nìkan lábẹ́ iná, ó sì bínú lọ. Olùdarí sunkún lójú mi, inú mi dùn. Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀.

Ó lè pè yín lórí fóònù pé kí ẹ bá òun bẹ̀ mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e. Ọlọ́run á dá ẹ̀mí yín sí fún wa. Ọ̀rọ̀ èmi àti ẹ̀ ò tíì tán.

Àbúrò yín, aránṣọ.