Ìgbín Òkun Kan Báyìí

Ìyá àwọn ọmọ mi,

Ara mi le koko. Nọ́ọ̀sì ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, kí ọwọ́ mi lè sinmi. Ní yàrá ìwádìí ọmọ wa ni mo ti gbé ìgbín òkun kan, mò ń kọ́ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n pé ìgbín kì í ṣeni léṣe. Ìgbín náà kò lọ sílé ìwé. Ó ta mí. Ọmọ wa ní oró rẹ̀ dí ihò kọ́kọ́rọ́ ara iṣan, iṣẹ́ tí ọpọlọ ń rán kò ríbi wọlé. Ẹ̀rọ tó ń bá mi mí, wọ́n yọ ọ́ lánàá.

Nọ́ọ̀sì ní, "Bàbá, ẹ sọ òótọ́ fún wọn!" Mo ní, "Lẹ́tà ta ni?"

Bá mi kí gbogbo ilé. Bí ọmọ wa bá fi ẹkún pè ọ́, àsọdùn ni.