Iye Èèyàn tí Mo Kà Níwájú Ṣọ́ọ̀bù Ọmọ Mi

Ilé Kẹrìndínlógún,
Òpópónà Ilé Ìwé.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹta.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé orúnkún yín ti fúyẹ́ díẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ń pè yín déédéé? Ara tiwa le, àmọ́ ọkàn mi ni kò balẹ̀.

Ẹ rántí pé wọ́n fi mí sínú ìgbìmọ̀ ará àdúgbò tó ń gba ìjọba ìbílẹ̀ nímọ̀ràn. Ìjọba fẹ́ ṣe bọ́m̀pù kan ṣoṣo tí yóò dín eré ọkọ̀ kù ní títì wa. Wọ́n ní kí àwa fúnra wa ka àwọn tó ń sọdá, kí wọ́n lè mọ ibi tó yẹ. Èmi jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù ọmọ mi aránṣọ. Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì ka ti iwájú ilé ìwòsàn.

Ẹ mọ̀ mí lórí ọ̀rọ̀ ọmọ. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, síbẹ̀ bó bá ń sọdá, àyà mi á máa já. Oníbàárà tó bá wọlé tó jáde, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ mi fúnra rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án. Ó tiẹ̀ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: “Màmá, ṣé èmi nìkan ni gbogbo ìlú ni?” Mo ní kó gbájú mọ́ ẹ̀rọ rẹ̀. Iye tèmi fi ogójì ju ti tíṣà lọ, ni wọ́n bá ṣe bọ́m̀pù náà síwájú ṣọ́ọ̀bù.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, alùpùpù gbá bàbá tó ń tún bàtà ṣe níwájú ilé ìwòsàn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Mo lọ kí i. Ó ní, “Ìyá Aránṣọ, ẹ̀yin lẹnu wa lọ́hùn-ún. Ẹ ní kí wọ́n rántí ọ̀dọ̀ wa náà o!” N kò lè wo ojú rẹ̀.

Wọ́n ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Ìlẹ̀kẹ̀ gbogbo àdúgbò sì ni wọ́n kó lé mi lọ́wọ́!

Ní ìpàdé àná, mo dìde, mo jẹ́wọ́. Kò sẹ́ni tó bú mi. Tíṣà kàn fa ìlà pupa sórí iye tèmi, wọ́n ní àwọn yóò kọ̀wé padà sí ìjọba. Èébú ì bá sàn.

Bàbá náà kò tíì gbọ́. Lọ́la ni mo fẹ́ lọ sọ fún un kó tó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Ẹ bá mi kí ọkọ yín àtàwọn ọmọ. Ẹ ní kí wọ́n máa wọ̀tún wòsì kí wọ́n tó sọdá. Ẹ sì bá mi gbàdúrà kí bàbá náà má kọ́kọ́ dúpẹ́ pé mo wá, torí bó bá dúpẹ́, ẹnu mi lè má là mọ́.

Èmi àbúrò yín tí ojú ń tì,
Ìyá Aránṣọ