Òkúta Inú Ìrẹsì

Admin, ẹ fi orúkọ mi pamọ́, torí ọkọ mi máa ń ka page yìí. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti ba ohun tí ìyá ọkọ mi fi lé e lọ́wọ́ jẹ́, kò sì tíì mọ̀... Saturday ló ń bọ̀.

Mowe là ń gbé, ọkọ mi ń tún fóònù ṣe ní Ibafo. Ìyá rẹ̀ wà lóko ìrẹsì wọn ní Ọ̀fàdà nígbà tí iná kan là kọjá lójú ọ̀run lọ́sàn-án gangan, nǹkan dún gbòà, òkúta kan sì wọlẹ̀ lẹ́yìn ahéré. Màmá fúnra wọn ló wú u. Kí wọ́n tó kú, wọ́n ní kí ọkọ mi bá àwọn wádìí ibi tó ti wá. Ó dúdú bí ìdí ìkòkò, ó ní kòtò kéékèèké lára bí ìgbà téèyàn fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀bà, kò tóbi, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá gbé e, ọwọ́ yín á wálẹ̀. Mágínẹ́ẹ̀tì inú spíkà lẹ̀ mọ́ ọn típẹ́típẹ́. Ọkọ mi ní ojú ọ̀run ló ti já, irin wà nínú ẹ̀, omi ò gbọdọ̀ kàn án. Inú ike ìrẹsì gbígbẹ ló ń tọ́jú ẹ̀ sí, bó ṣe ń ṣe fún fóònù tó bọ́ sómi. Àdúgbò ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ìrẹsì Ọ̀fàdà wo ni ò ní òkúta. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín.

Oyún méjì ti bà jẹ́ lára mi, ìkẹta ló wà nínú mi báyìí. Nọ́ọ̀sì sọ fún mi pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni, mi ò gbọ́. Ìyá tó ń darí ẹgbẹ́ àdúrà wa ló rí òkúta yẹn, wọ́n ní ẹdùn àrá ni, ti Ṣàngó, òun ló ń jẹ àwọn ọmọ mi... ta ni ẹ̀rù ò ní bà? Bí ọkọ mi ṣe lọ sí Ìbàdàn lọ bẹ lecturer kan tó mọ̀ nípa òkúta pé kó wá wò ó, mo gbé òkúta náà, mo rì í sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi iyọ̀, mo da òróró àdúrà lé e, mò ń gbàdúrà lé e lórí. Mo wá lọ ṣa ìdàrọ́ kan, ìdọ̀tí irin tí àwọn tó ń yọ́ irin dà sọ́nà Ifo, mo rì í mọ́ ìrẹsì kí ike má bàa ṣófo. Ó dúdú, ó jọ ọ́. Mo ní màá ju ti gidi sígbó, ọkọ mi ò ní mọ̀.

Àná ni mo yọ ọ́. Omi ti pọ́n bí epo, òkúta ti dípẹtà, ó là sí méjì lọ́wọ́ mi. Mo rí inú ẹ̀... ó rí bí eérú, àwọn nǹkan wínníwínní sì ń dán nínú ẹ̀ bíi fàdákà. Mi ò rí òkúta tó rí bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Òótọ́ ni ọkọ mi ń sọ látọjọ́ yìí. Èmi nìkan ni mo rí i, èmi tí mo bà á jẹ́ náà ni.

Ó pè mí láàárọ̀, inú ẹ̀ ń dùn bí ọmọdé. Lecturer ti gbà láti wá. Ó ní orúkọ ibi tí irú òkúta bẹ́ẹ̀ bá já sí ni wọ́n máa ń fi pè é, pé Ọ̀fàdà ni wọ́n máa pe ti Màmá. Ó wá ní, “Ìyàwó mi, má jẹ́ kí omi kàn án o.” Mo ní omi ò kàn án.

Tí mo bá dákẹ́, lecturer á gbé ìdàrọ́ lásán, á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní orí ọkọ mi ti dàrú. Tí mo bá sọ̀rọ̀, gbogbo wọn á mọ̀ pé ọkọ mi tọ̀nà, àmọ́ ṣé á tún lè wojú mi? Ṣé kí n pè é kó tó wọ mọ́tò ni? Àbí kí n kó èyí tó là síbẹ̀ kí n gba ilé ìyá mi lọ? Pẹ̀lú oyún yìí? Mo ti nu ìlàjì òkúta méjèèjì gbẹ, mo ti fi ìrẹsì bò wọ́n bó ṣe máa ń ṣe, mo kàn jókòó tì wọ́n ni, mò ń sunkún. Ẹ bú mi tẹ́ ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ sọ fún mi... kí ni kí n kọ́kọ́ sọ fún un?