Ihò Mẹ́sàn-án Ìdí Ògiri Púùlù

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Kẹfà

Mo délé lọ́sàn-án. Ìsinmi òpin ọdún àkọ́kọ́ mi ní yunifásítì. Èsì ìdánwò kò tíì jáde. Látinú ọkọ̀ ni mo ti ń há ohun tí màá sọ fún Dádì sórí. Kò tiẹ̀ bi mí. Ó kàn nawọ́ sí ẹ̀yìnkùlé: "Ẹnjiníà ti dé! Wá wo ògiri yìí."

Ògiri tó dá yẹ̀pẹ̀ òkè dúró lẹ́yìn púùlù ti yọ ikùn síta, bí aláboyún oṣù méje. Ẹrẹ̀ ń gba orí rẹ̀ ṣàn sínú púùlù. Omi tó máa ń mọ́ gaara ti dà bíi tíì tí wọ́n bu mílíìkì sí. Mọ́mì ti dá kíláàsì rẹ̀ dúró. Ọmọ mọ́kànlá tó ń kọ́ ní ìlúwẹ̀ẹ́ ló ti ń jókòó sílé. "Ó di ìgbà tí ẹnjiníà wa bá sọ̀rọ̀," ló wí.

Mo mi orí lẹ́ẹ̀mẹta bí ẹni tó mọ nǹkan. Ìṣirò, físíìsì, yíya àwòrán ilé—ohun tí mo kọ́ lọ́dún yìí nìyẹn. A ò tíì dé orí ògiri.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4

Mo fi okùn wọn ògiri náà. Ó ti fi ínǹṣì méjì kúrò lójú ìlà. Mo tún un wọ̀n—ínǹṣì méjì àti díẹ̀. Mo gbé okùn sílẹ̀ kó má baà tún lé sí i.

Nírọ̀lẹ́ mo ṣí ìwé tí mo yá lọ́wọ́ ọmọ ọdún kẹta kan. Ojú ewé kọkànlélọ́gọ́ta: bí òjò bá rin yẹ̀pẹ̀ ẹ̀yìn ògiri, omi á kóra jọ síbẹ̀, á máa ti ògiri síwájú. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń dá ihò sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí omi lè rọ́nà jáde.

Mo pa ìwé dé. Mo tún ṣí i. Ó ṣì wà níbẹ̀.

Ọjọ́rú, 5

Ihò mẹ́sàn-án ni. Èmi ni mo dí gbogbo wọn.

Ọjọ́bọ̀, 6

Kí n kúkú kọ ọ́ tán. Lọ́dún tó kọjá, ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó kọ̀wé sí yunifásítì, Mọ́mì ní omi pupa tó ń ṣàn jáde nínú àwọn ihò yẹn ń ba funfun ògiri òun jẹ́. "Ògiri yìí ń sunkún ṣáá, àfi bíi pé wọ́n nà án." Ààbọ̀ àpò sìmẹ́ńtì wà ní gáréèjì. Mo pò ó. Mo dí ihò, mo fi àtàǹpàkò dán an, mo kun ọ̀dà funfun lé e. Mọ́mì yìn mí títí orí mi fi wú.

Èyí tó burú jù ń bọ̀: mo kọ ọ́ sínú lẹ́tà tí mo fi bẹ yunifásítì pé kí wọ́n gbà mí sí ẹ̀kọ́ ẹnjiníà. "Mo ti fi ọwọ́ ara mi tún ògiri kan ṣe." Wọ́n sì gbà mí o!

Lónìí, Dádì ní Bàbá Olókùn ló fa gbogbo wàhálà yìí. Òun ni bíríkìlà tó mọ ògiri náà lọ́dún méje sẹ́yìn. (Èmi ni mo sọ ọ́ ní Bàbá Olókùn, torí okùn olójé tó fi ń wo ìdúró ògiri kì í kúrò lápò rẹ̀.) "Ó jẹ sìmẹ́ńtì wa," Dádì wí. "Yanrìn lásán ló fi mọ ọ́n!" Ó ti pè é fún Sátidé.

Mo la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Omi ni mo tọrọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 7

Mo gbìyànjú Mọ́mì wò ní kíṣìnnì. Mo ní, ṣé ẹ rántí àwọn ihò yẹn? Ó ní, "Ihò wo? Ṣé eku ti wọlé ni?" A fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú wá eku.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8

Bàbá Olókùn dé. Ó ti hewú sí i. Ó so okùn olójé rẹ̀ rọ̀ sára ògiri, ó di ojú kan. Dádì ò jẹ́ kó la ojú náà tó fi bẹ̀rẹ̀. Pé ṣé iṣẹ́ ọwọ́ àgbà nìyí. Pé ojú ń ti òun fún un. Pé gbogbo àdúgbò ló máa gbọ́ lórí gúrúùpù. Bẹ́ẹ̀ ilé méjì ni bàbá yìí ń kọ́ lọ́wọ́ ní òpópónà wa!

Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ló fi dá a lóhùn: "Ọ̀gá, ògiri tí mo bá mọ kì í ṣàdédé lóyún. Ẹ jẹ́ ká wá ẹni tó fún un lóyún." Mọ́mì bú sẹ́rìn-ín. Dádì ò rẹ́rìn-ín. Èmi ń ka okùn bàtà mi.

Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ ra ìdí ògiri láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Ó dúró níbì kan. Ó ní kí n wá bá òun di okùn mú, ó sì wo ọwọ́ mi pẹ́. Mo ti èkejì bọ àpò.

Ó ní òun á padà wá ní Túsìdeè.

Ọjọ́ Àìkú, 9

Òjò. Ògiri ti di ínǹṣì mẹ́ta.

Ọjọ́ Ajé, 10

Lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, Dádì gbé fóònù, ó ń kọ̀wé sí gúrúùpù àdúgbò. Ìka kan ló fi ń tẹ̀ ẹ́, ó sì ń kà á sókè bó ṣe ń lọ: "Ẹ ṣọ́ra... fún... bíríkìlà..." Mo ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fi ránṣẹ́." Ó ní kí ló dé. Mo tú gbogbo rẹ̀ jáde láìmí: ihò, sìmẹ́ńtì, àtàǹpàkò, ojú ewé kọkànlélọ́gọ́ta, títí kan lẹ́tà. Ta ló ní kí n mẹ́nu kan lẹ́tà?

Mọ́mì ló kọ́kọ́ fọhùn: "Èmi ni mo ní ó ń sunkún." Lẹ́yìn náà, èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ẹ̀rín ni. "Ọmọ yìí ba ògiri wa jẹ́, ó sì fi wọ yunifásítì!"

Dádì ń pa ohun tó kọ rẹ́, díẹ̀díẹ̀, ìka kan náà. Ó tiẹ̀ pẹ́ ju bó ṣe tẹ̀ ẹ́ lọ. Ì bá tẹ́ mi lọ́rùn kó pariwo. Nígbà tó tán ó ní, "Èmi ni mo bú àgbàlagbà. Èmi á bẹ̀ ẹ́. Ìwọ náà, fẹnu ara ẹ sọ tìẹ fún un."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11

Dádì fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ Bàbá Olókùn mú. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú." Mi ò gbọ́ kó pè é ní ẹ̀gbọ́n rí.

Ó kàn mí. Mo ti há tèmi sórí bíi ti ìdánwò. Kò jẹ́ kí n dé ìlà kejì. "Mo ti mọ̀ láti Sátidé. Tírówẹ̀lì ni bíríkìlà fi ń dán sìmẹ́ńtì. Àtàǹpàkò ló wà lára ìyẹn, gbàǹgbà." Mo bi í ìdí tí kò fi sọ. "Ṣé kí n máa fẹjọ́ ọmọ sun baba ẹ̀ nínú ilé ẹ̀ ni? Mo ní kí n fún ẹ lọ́jọ́ mẹ́ta. Ká ní o dákẹ́ dòní, ǹ bá sọ ọ́ o. Oúnjẹ mi ni."

Ó fi hámà àti irin ṣóńṣó lé mi lọ́wọ́. "Ọwọ́ tó dí i ni yóò ṣí i. Ṣùgbọ́n ká kọ́kọ́ kó yẹ̀pẹ̀ kúrò lẹ́yìn ẹ̀."

Ọjọ́ Ẹtì, 14

Ẹ̀yìn mi o! Ọjọ́ mẹ́ta gbáko, yẹ̀pẹ̀ nìkan.

Dádì fẹ́ ká fa gbogbo omi púùlù kúrò, ká lè kó ẹrẹ̀ inú rẹ̀. Bàbá Olókùn ní rárá. Dádì ní kí nìdí? Bàbá bá yíjú sí mi: "Ẹnjiníà, dá wọn lóhùn." Mo wo omi púùlù, ó sì yé mi: omi pọ̀ nínú ilẹ̀ báyìí, tí púùlù bá ṣófo, omi abẹ́ rẹ̀ lè gbé e sókè bí igbá. Mo sọ ọ́.

Bàbá Olókùn mi orí. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Ó tó mi jẹ fún ọdún kan.

Ọjọ́bọ̀, 20

A ti wó ibi tó yọ ikùn, a sì ti tún un mọ. Páìpù oníhò wẹ́wẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ lórí páìpù, gọ́tà kékeré lókè tó ń gba omi kó tó dé ògiri. Ihò mẹ́ta tuntun níbi tí a tún mọ. Mẹ́fà yòókù, èmi ni mo ṣí wọn. Bàbá Olókùn mú ègé sìmẹ́ńtì kan tí mo yọ nínú ihò, tí àtàǹpàkò mi hàn lára rẹ̀ dáadáa fún mi. "Mú un lọ sílé ìwé." Mo fi ń tẹ ìwé mọ́lẹ̀ lórí tábìlì.

Dádì fi fọ́tò ògiri sí gúrúùpù: "Bíríkìlà wa ló ṣe èyí. Ẹ pè é." Ìka kan náà.

Èsì jáde. Mo yege. Físíìsì ló kù díẹ̀ kó dá mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22

Òjò ńlá láàárọ̀. Gbogbo wa sáré jáde pẹ̀lú agboòrùn. Mo ń kà: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta... mẹ́jọ ń ṣàn. Ìkẹsàn-án gbẹ táútáú. Ọ̀kan nínú àwọn tèmi!

Mo pe Bàbá Olókùn. Ó ní ṣé mo gbẹ́ ẹ dé òdìkejì? Kò dá mi lójú. Mo mú irin, mo kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, mo gún un. Kò sí nǹkan. Mo tún gún un. Ó dún fọ́ọ̀! Ìṣù ẹrẹ̀ tó tó ìkúùkù fò jáde, omi pupa tẹ̀lé e, ojú mi ló bà sí. Bàbá Olókùn gbọ́ ọ lórí fóònù, ó ń rẹ́rìn-ín: "Ó ń kí ẹ ni! Dá a lóhùn!"

Mọ́mì ní òun máa pe àwọn òbí, kí àwọn ọmọ padà bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ló bá wo ògiri funfun rẹ̀, ibi mẹ́sàn-án tí omi pupa ti ń ṣàn sílẹ̀ lára rẹ̀. Ó mí kanlẹ̀. "Ó tún ti bẹ̀rẹ̀ ẹkún." Dádì yíjú, ó ń wò mí.

Mo nu ojú mi. Mi ò fọwọ́ kan ti ògiri.